Ọmọ Tó Gbé Ipò Kejì

Iṣẹ́ wà tí ènìyàn ń ṣe, iṣẹ́ sì wà tó jẹ́ pé òun ló ń ṣe ènìyàn. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, iṣẹ́ tíṣà ló ń ṣe Theresa Akínyẹlé. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ti kọjá. Ọkọ̀ tó máa ń gbé e láti Ọ̀wọ̀ lọ sí abúlé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ, lẹ́yìn Upenmen, kì í dúró de ẹnikẹ́ni tí aago méje bá ti lù. Káàdì èsì ìdánwò mẹ́tàléláàádọ́ta tó yẹ kó wà lórí tábìlì hẹdimásítà kó tó di aago méjì ọ̀sán ṣì ṣófo nínú báàgì rẹ̀. Ògì wà lórí sítóòfù, kò tí ì hó. Ìyá ọkọ rẹ̀ sì wà nínú yàrá, wọn kò tí ì lo oògùn.

Màmá Oyèkẹ́ ni ìyá ọkọ náà. Arimogija ni wọ́n ń gbé. Ìtọ̀ ṣúgà ló gbé wọn dé ilé ọmọ wọn láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà kan rí, wọ́n máa ń ka Bíbélì Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láàárín ọdún kan, ṣùgbọ́n àìsàn náà ti ta kùrukùru bo ojú wọn. Lẹ́tà di eèrà lójú wọn, eèrà náà sì ń rìn. Ìgò oògùn méjì ni dókítà fún wọn, ọ̀kan kékeré, ọ̀kan ńlá. Hóró inú méjèèjì funfun.

Dominic, ọkọ Theresa, ti jáde láti aago mẹ́fà. Akọ̀wé ni ní káńsù, wọ́n sì ń ṣe àyẹ̀wò òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí wọ́n bá pè tí kò dáhùn, orúkọ rẹ̀ lè pòórá nínú ìwé. Ó wá ku Jemimah, ọmọ wọn kan ṣoṣo.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Jemimah. Ilé ìwé aládàáni tó ń lọ ti gba ìsinmi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ipò kejì ló sì gbé nínú ọmọ mọ́kàndínlógún. Máàkì mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Dominic ti ya fọ́tò káàdì náà, ó ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí fóònù. Àbúrò ìyá rẹ̀ kan ní Ìfọ́n ti fi àdúrà tó gùn bí ọ̀nà Ìfọ́n ránṣẹ́ padà. Ta ni kò ní fi ìyá àgbà sílẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀?

Theresa fa ojú ewé kan ya nínú ìwé, ó sì kọ ọ́ kíákíá: *Kí Màmá kọ́kọ́ jẹun. Ìgò kékeré, 1/2, lẹ́yìn oúnjẹ. Ìgò ńlá, 2, lẹ́yìn oúnjẹ.* Ó na ìwé náà sí Jemimah, ó ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ kan lábẹ́ àga.

Ó ní, "Ṣé o rí i?"

Ọmọ náà wo ìwé náà dáadáa, ó tún gbójú sókè wo ìyá rẹ̀. "Mo rí i, Mọ́mì."

Theresa ní kó máa wo iná ògì náà, ó sì jáde.

Abẹ́ igi máńgòrò ni àwọn tíṣà ti ń kọ káàdì lọ́jọ́ náà, nítorí ìjì ti ká ìdajì òrùlé kíláàsì. Kíláàsì kẹrin àti ìkarùn-ún ló wà lọ́wọ́ Theresa pa pọ̀, láti ìgbà tí tíṣà kan ti fẹ̀yìn tì tí ìjọba kò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Lórí káàdì, àyè wà fún tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, àyè wà fún tẹ́ẹ̀sì kejì, àyè wà fún iṣẹ́ àṣetiléwá, kó tó wá kan ìdánwò gan-an. Tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ nìkan ni Theresa ṣe. Ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó ṣe èkejì ni ìjì jà. Ní ti iṣẹ́ àṣetiléwá, ó fún wọn títí, ṣùgbọ́n ta ni yóò yẹ ìwé mẹ́tàléláàádọ́ta wò lójoojúmọ́, tí yóò tún dáná, tí yóò tún fọṣọ?

Hẹdimásítà, Ọ̀gbẹ́ni Fàsásì, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn ní kí wọ́n ṣáà kún gbogbo àyè. Ó ní àwọn alábẹ̀wò tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé kò fẹ́ àyè òfìfo, wọn kò sì fẹ́ ọmọ tó fìdí rẹmi, nítorí ọmọ tó bá fìdí rẹmi yóò mú ìbéèrè wá, kò sì sẹ́ni tó ní ìdáhùn.

Theresa bẹ̀rẹ̀ sí í kún un. Mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ tí aṣọ rẹ̀ máa ń mọ́, mẹ́tàdínlógún. Èyí tó máa ń sùn lẹ́yìn kíláàsì, mọ́kànlá. Ó dé orí orúkọ kan: Ìmísí Isaiah. Bírò rẹ̀ dúró. Kò rántí ojú ọmọ náà. Ó rò ó títí, kò lè sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, bẹ́ẹ̀ ó ti pé oṣù mẹ́wàá tó ti ń pe orúkọ náà láràárọ̀. Ó kọ méjìlá, ó ṣí káàdì mìíràn.

Aago mẹ́wàá kò tí ì lù nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Agatha ni, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ilé kejì sí tiwọn, tó ti ibi iṣẹ́ òru dé láàárọ̀ náà. Kò kí i. Ó ní kó máa bọ̀ nílé, pé Màmá dákú, pé wọ́n ti ń lajú díẹ̀díẹ̀.

Theresa kó káàdì, ó kó bírò, ó fò sẹ́yìn ọ̀kadà. Ọ̀nà Upenmen sí Ọ̀wọ̀ kò jìnnà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ènìyàn ń gbàdúrà lórí rẹ̀ kì í kúrú.

Nígbà tó dé, Màmá ti jókòó, ẹ̀yìn wọn fara ti ìrọ̀rí, òógùn ti mú kí búláòsì wọn lẹ̀ mọ́ wọn lára. Agatha wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú ife omi ṣúgà lọ́wọ́ kan, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́wọ́ kejì. Ó ṣàlàyé rẹ̀ ní ohùn àwọn nọ́ọ̀sì, ohùn tí kì í gbọ̀n. Ó ní òun ń fẹ́ sùn ni òun gbọ́ tí Jemimah ń pe "Màmá, Màmá" láìdúró. Nígbà tí òun fi máa wọlé, Màmá ti ń gbọ̀n, wọn kò dá òun mọ̀. Ṣúgà ara wọn ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Òun ti fún wọn ní ṣúgà, òun ti pe dókítà. Dókítà ní kí wọ́n fún wọn lóúnjẹ, kí òun máa yẹ̀ wọ́n wò ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tó bá tún lọ sílẹ̀ kí wọ́n gbé wọn wá lẹ́sẹ̀ kan náà.

"Hóró méjì ni wọ́n lò nínú ìgò kékeré yìí," Agatha wí. "Méjì, kì í ṣe ààbọ̀. Wọn ò sì tíì jẹun."

Theresa wo orí tábìlì. Ìwé tó kọ wà níbẹ̀, ìgò ńlá ni wọ́n gbé lé e lórí kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Jemimah ti tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ògì wà lórí sítóòfù, ó ti di, ó tutù. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ dúró sí kọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn, kò sunkún. Ó di etí aṣọ rẹ̀ mú bí ẹni pé aṣọ náà fẹ́ sá lọ.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ ní àdúgbò wọn. Kí Theresa tó gbé omi kaná, àwọn obìnrin tó wá pọn omi níwájú ilé ti mọ̀ ọ́n tán. Láti ojú fèrèsé ló ti ń gbọ́ wọn. Ọ̀kan ní ọmọ òde òní ni, wọ́n á gbé ipò kejì, wọn ò ní gbọ́n. Èkejì ní kí wọ́n má bá ọmọ wí, àwọn ìyá tó ń fi ilé sílẹ̀ láàárọ̀ kùtù ni kí wọ́n bá wí. Ẹ̀kẹta kò sọ ju pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Theresa rọra ti fèrèsé náà. Ó bó iṣu, ó gbé e kaná, ó tún ògì mìíràn rò fún Màmá. Màmá mu ògì náà ní ṣíbí-ṣíbí láti ọwọ́ Agatha. Iṣu náà jinná, ó tutù, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Dominic dé nígbà tí oòrùn wà láàárín orí. Ó kúnlẹ̀ sídìí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó dìde, ó mú ìwé orí tábìlì, ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó pe Jemimah.

"Kà á fún mi."

Ọmọ náà gba ìwé. Ètè rẹ̀ mì, ohùn kò jáde. Dominic tún un sọ. Ọmọ náà wo ìwé, ó wo bàbá rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀. Dominic ní oríkunkun ni. Ó ní ọmọ tó gbé ipò kejì, tó gba mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, kó máa dúró wo ìlà mẹ́ta bí ẹni tó ń wo ògiri, ìwà ìkà ni. Ó ní ó fojú di ìyá òun ni. Ó ti ń tú bẹ́líìtì rẹ̀ kí Theresa tó dé àárín wọn.

Màmá ló dá a dúró. Ohùn wọn kò le, ṣùgbọ́n ó dé ibi tó fẹ́ dé. "Dominic. Ọmọ tó fún mi ní hóró kan, tó ní ó ku èkejì kí n gbé e mì, ojú àánú ló fi wò mí. Kò sí ìkà níbẹ̀. Fi bẹ́líìtì rẹ sídìí."

Ó fi í sídìí. Ṣùgbọ́n ó yí ìbínú náà sí aya rẹ̀. Ó ní tíṣà ni, ọdún kẹrìnlá rèé tó ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Báwo ni ọmọ inú ilé rẹ̀ kò ṣe ní lè ka ọ̀rọ̀ bí "oúnjẹ" nínú ìwé? Theresa náà kò gbà. Ó ní èdè òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ́ ọ nílé ìwé tí Dominic fúnra rẹ̀ yàn, pé wọ́n ń bá ọmọ wí níbẹ̀ tó bá sọ Yorùbá, kí ó má wá máa bi òun léèrè Yorùbá. Ó ní ta ló ya fọ́tò káàdì fún gbogbo ayé? Wọ́n sọ ọ́ síwá, wọ́n sọ ọ́ sẹ́yìn, ohùn ń ga, títí Agatha fi wú ikọ́ kan bí ẹni pé eruku wọ ọ́ lọ́nà ọ̀fun.

Theresa wọ yàrá ọmọ náà, ó mú ìwé kíkà òyìnbó rẹ̀ jáde. Ó fẹ́ fi han Dominic pé Yorùbá nìkan ni ìṣòro náà. Ó ṣí ibi tí ìtàn àgbẹ̀ kan àti ewúrẹ́ rẹ̀ wà, ó ní kí Jemimah kà á.

Jemimah kà á. Ó kà á geere, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń wálẹ̀, bí àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Ojú Dominic rọ̀ díẹ̀. Agatha rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n Theresa kò wo ẹnu ọmọ náà; ìka rẹ̀ ló ń wò. Ìka náà wà ní ìlà kejì nígbà tí ẹnu ti wà ní ìlà kẹrin. Nígbà tó ku ìlà kan gbáko kí ojú ewé parí, Jemimah ṣí i sí òdìkejì, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ láìkọsẹ̀.

Theresa sún mọ́ ọn. Ó mọ ìka yẹn. Ó ti rí i lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ lábẹ́ òrùlé kíláàsì rẹ̀ tó ń jò, ó sì ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí ohùn ọmọ mẹ́tàléláàádọ́ta tó bá ń kàwé pọ̀ máa ń dùn gbọ́ létí hẹdimásítà.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ewé náà, ó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ láàárín ìka rẹ̀ méjì. "Èwo nìyí?"

Jemimah kò wo ọ̀rọ̀ náà. Ojú ìyá rẹ̀ ló ń wò. Ó ń wá a níbẹ̀, nínú ìpéǹpéjú, ní igun ẹnu, bí ó ti máa ń wá gbogbo nǹkan. Theresa wá mọ̀ pé láàárọ̀, nígbà tó béèrè pé ṣé o rí i, ọmọ náà kò purọ́ fún òun. Ó rí i lóòótọ́. Òun ni kò béèrè ohun tó rí.

"Jemimah mi, báwo lo ṣe ń ṣe é nílé ìwé?"

Ọmọ náà rọra fèsì, bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ olè. Ó ní gbogbo wọn ni wọ́n ń kà á pọ̀. Ó ní Àǹtí á kà á, àwọn á wí tẹ̀lé e, tó bá ti pé ìgbà mẹ́ta òun á ti mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá ń ṣe ìdánwò, Àǹtí á kọ ìdáhùn sójú pátákó, àwọn á wò ó kọ. Lẹ́tà òun sì máa ń dára.

"Ṣé wọn kì í bi ọ́ ní tìrẹ?"

"Wọn ò bi mí rí, Mọ́mì. Èmi nìkan, wọn ò bi mí rí."

Agatha bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún gún orí ìka Màmá, ó ní ó ti ń gòkè, ó ti dára. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ dáadáa.

Dominic ló pe Àǹtí náà lórí fóònù, níta, kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò gbọ́. Ó dárúkọ ọlọ́pàá, ó dárúkọ kóòtù, ó dárúkọ Ọlọ́run. Kí aago mẹ́rin tó lù, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ti dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn pẹ̀lú ọsàn nínú ọ̀rá, bí ẹni tó wá kí aláìsàn. Ṣèyíọlá ni orúkọ rẹ̀. Ìkirè ni ó ti wá, pọlí tó wà ní Ọ̀wọ̀ ló gbé e wá sí ìlú náà. Nígbà tó ṣe tán tí kò rí iṣẹ́ tó kọ́, ó dúró láti máa kọ́ àwọn ọmọdé. Theresa ti rò pé yóò dàgbà ju báyìí lọ. Ọsàn kan bọ́ nínú ọ̀rá náà, ó yí lọ sábẹ́ àga.

Ó kúnlẹ̀ fún Màmá. Màmá ní kó dìde, wọ́n sì bi í bóyá ó ti jẹun, torí pé àgbà kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ibi ìjà. Dominic kò ní sùúrù yẹn. Ó na káàdì èsì náà sí i, ó bi í ta ló kọ mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún síbẹ̀.

Ṣèyíọlá ní òun ni. Kò wá àwáwí. Ó ní ìyá tó ni ilé ìwé ti pàṣẹ pé máàkì ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ju márùndínlọ́gọ́rin lọ, pé òbí tó bá sanwó kò fẹ́ gbọ́ ìbànújẹ́. Ní sáà tó kọjá, òun kọ ogójì fún ọmọ kan. Onílé ìwé náà fa káàdì yẹn ya lójú òun, ó fún òun ní òmíràn, ó dúró lé òun lórí títí òun fi kọ ọgọ́rin. Ó sọ gbogbo èyí sí ilẹ̀, kò gbójú sókè. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tí kò sẹ́ni tó bi í.

"Mo mọ̀ pé kò lè kà, sà. Mo ti mọ̀ láti oṣù kìíní tó dé kíláàsì mi. Ó máa ń gbìyànjú gan-an ni, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín sí mi, mi ò wá mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́."

Dominic dìde dúró. Ó ní ẹ̀rí rèé, láti ẹnu ẹlẹ́ṣẹ̀. Ó ní òun yóò dé iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, òun yóò rí i pé ọ̀dọ́mọbìnrin yìí kò kọ́ ajá mọ́, áńbọ̀sì ọmọ. Ó ní ó kù díẹ̀ kó pa ìyá òun. Ó ń retí kí aya rẹ̀ kín in lẹ́yìn. Agatha náà ń retí rẹ̀.

Theresa jókòó síbẹ̀, báàgì ilé ìwé rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, àwọn káàdì náà wà nínú rẹ̀. Ó wo orí ọ̀dọ́mọbìnrin náà tó tẹ̀, irun tó fúnra rẹ̀ dì nítorí kò fẹ́ náwó. Ó rò pé kí òun dákẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó lè dákẹ́, kí ìbínú ọkọ rẹ̀ kọjá lórí ẹlòmíràn, kó di ọ̀la kó fi káàdì lé hẹdimásítà lọ́wọ́.

"Jókòó, Bàbá Jemimah," ó wí. "Ọmọ mẹ́tàléláàádọ́ta ni mo ń kọ máàkì fún láàárọ̀ yìí. Mi ò bi ẹnì kankan nínú wọn ní nǹkan kan. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Mo kọ méjìlá fún un."

Dominic kò jókòó, kò sì rìn. Ó dúró sí àárín yàrá bí ẹni tí wọ́n gba ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Níta, ẹnì kan ń da omi sínú kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n gbọ́ ọ títí kẹ́ẹ̀gì náà fi kún.

"Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́," Màmá Oyèkẹ́ wí.

Kò sẹ́ni tó bá wọn parí òwe náà. Agatha kó ẹ̀rọ rẹ̀ sínú àpò, ó ní òun ń lọ wo ilé òun, òun á padà wá ní wákàtí kan sí i. Dominic lọ síta, ó jókòó sórí àga onípákó. Ó pẹ́ tó ti wà níbẹ̀ kó tó mú fóònù rẹ̀ jáde. Theresa rí i láti ẹnu ọ̀nà pé fọ́tò káàdì náà ló ń wò, kò sì mọ ohun tó ń rò.

Òun náà mú fóònù tirẹ̀, ó pe Ọ̀gbẹ́ni Fàsásì. Hẹdimásítà kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ìyá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó wá béèrè káàdì. Theresa sọ fún un pé òun kò ní lè mú wọn wá. Ó ní gbogbo èyí tí òun ti kọ, òun fẹ́ fagi lé e. Ó ní kí ó fún òun ní ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀. Òun yóò máa pe àwọn ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ igi máńgòrò, wọn yóò ka ìwé fún òun, wọn yóò ṣe ìṣirò lójú òun, ohun tí òun bá rí ni òun yóò kọ, àti ohun tó kù fún ọmọ náà láti kọ́.

Hẹdimásítà mí kanlẹ̀. Ó ní kì í ṣe Theresa nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé kí ló fẹ́ kí òun sọ fún àwọn alábẹ̀wò? Ó ní tí ìwé bá dé láti òkè pé kíláàsì kan kò ní èsì, orúkọ Theresa ni yóò wà níbẹ̀, òun kò ní lè bò ó.

"Kó jẹ́ orúkọ mi, sà."

Theresa rò pé hẹdimásítà ti gé fóònù. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ti rẹlẹ̀, kì í ṣe ohùn ọ̀gá mọ́. Ó ní, "Àwọn tó ń jókòó lẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ pè," ó sì gé fóònù.

Nígbà tó padà wọlé, Ṣèyíọlá ṣì wà níbẹ̀. Ó ti bó ọsàn fún Jemimah, àwọn méjèèjì jókòó sórí ẹní. Theresa kò ní kó máa lọ. Ó mú ìwé tó mọ́ kan, ó fi lẹ́tà ńlá kọ ìlà méjì: *Bàbá ra ẹja. Mo se ẹja náà.* Ó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé ìwé náà sáàárín wọn.

"Ka èyí tó o mọ̀ fún mi," ó wí. "Tó o bá dé ibi tó o ò mọ̀, kàn sọ fún mi pé o ò mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó máa nà ọ́, kò sẹ́ni tó máa kọ máàkì."

Jemimah gbé ìka rẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ó pẹ́. "Bàbá," ó wí. Ìka rẹ̀ sún. "Ra." Ìka rẹ̀ tún sún, ó sì dúró. Ó gbójú sókè láti wo ojú ìyá rẹ̀. Theresa ti yíjú sí fèrèsé, kò sí ohun kankan níbẹ̀ tí ọmọ náà lè kà. Ṣèyíọlá ti la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ náà fún un, ó ti di àṣà fún un. Ó rántí, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

Jemimah wo ọ̀rọ̀ náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ náà gan-an ló ń wò.

"Èyí," ó wí, "mi ò mọ̀ ọ́n."

"O káre," ìyá rẹ̀ dáhùn. Ó yíjú padà, ó sún mọ́ ọn sí i. "Ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀."